Balógun Bashiru Dùbúlẹ̀ Sẹ́nu Afárá

3.

…torí náà, ọ̀kan nínú wa ni. Mo ti yí i sọ́tùn-ún, mo ti yí i sósì, kò sí ọ̀nà míì. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.

(Ẹ má wá nọ́ńbà kìíní àti ìkejì. Mo ti fà wọ́n ya. Inú ló ń bí mi lọ́jọ́ náà.)


4. ÀWA TÍ A JÓKÒÓ

Èmi: Adébánjọ. Mo ti ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ rí nílé iṣẹ́ epo, wọ́n ṣì ń pè mí ní Engineer. Ní Woji, ní Port Harcourt, ní pálọ̀ ẹ̀yìn ilé mi, ni tábìlì wà.

Bashiru: káfíńtà, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Rumuigbo. Òun ló kan tábìlì náà. Òun náà ló kan pósí ìyá mi.

Teslim: ọmọ Ìlọrin, ó ń ta páàtì mọ́tò. Ẹnu rẹ̀ yá ju orí rẹ̀ lọ.

Tamunotonye: ọmọ Kalabari, tíṣà tó ń kọ́ni ní ìtàn. Ògiri kan ló pín ilé wa. Ọ̀tá.

Orí tábìlì ni mo ń sọ. Ọ̀tá orí tábìlì.


5.

1999. Òyìnbó kan ń kó kúrò ní Woji, Bashiru ló ń kan àpótí tí wọ́n fi ń di ẹrù rẹ̀. Òyìnbó náà gbé páálí kan fún un. Kí ló wà níbẹ̀? Àwọn ọkùnrin òjé. Kò sí èyí tó ga ju àtàǹpàkò lọ. Wọ́n wọ ẹ̀wù irin, wọ́n gun ẹṣin, wọ́n gbé ọ̀kọ̀ àti ọrun. Ogun ayé àtijọ́ nílẹ̀ òyìnbó ni, kí ìbọn tó dáyé. Ìwé pẹlẹbẹ kan wà nísàlẹ̀ páálí tó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń fi téèpù wọn ìrìn wọn, tí dáìsì á sì sọ ẹni tó kú.

Bashiru rò pé nǹkan ìṣeré ọmọdé ni. Ó gbé e wá fún Motọ́lání ọmọ mi. Ọmọ náà bú sẹ́kún, ó ní àwọn ọkùnrin yẹn ń wo òun.

Tamunotonye ló yọjú lórí ògiri. Ó ní, "Wetin do the pikin?" Ó wọlé, ó mú ẹlẹ́ṣin kan, ó gbé e sójú ìmọ́lẹ̀. Kò rántí ilé mọ́ lọ́jọ́ náà.

Láti ìgbà yẹn, gbogbo Sátidé ni. Nígbà tí òjé òyìnbó ò tó mọ́, a lọ ra òjé tí àwọn apẹja ń so mọ́ àwọ̀n, a yọ́ ọ nínú agolo mílíìkì, a sì da ọmọ ogun tiwa. Kànrìnkàn tí a kùn ní àwọ̀ ewé ni igbó wa. Àgbàlagbà ni wá o. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹ tó rẹ́rìn-ín.


6. ÒFIN
(ó wà lára ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì)

ỌBA MẸ́TA NI YÓÒ BÁ ẸYỌ KAN JÀ.
(Tamunotonye ló ní ká kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. "Una three no reach me.")

DÁÌSÌ TÓ BÁ BỌ́ SÍLẸ̀ KÒ KÀ.

OLÚKÚLÙKÙ NI YÓÒ DA BALÓGUN TIRẸ̀. ẸNIKẸ́NI KÒ GBỌDỌ̀ FỌWỌ́ KAN BALÓGUN ẸLÒMÍRÀN.

BALÓGUN TÓ BÁ DÙBÚLẸ̀ TI KÚ. ẸNI TÓ NI ÍN NÌKAN LÓ LÈ GBÉ E DÌDE.

Ẹ má gbé ọbẹ̀ sórí tábìlì.
(Bùkọ́lá, ìyàwó mi. Báírò pupa ló fi kọ ọ́.)


7. OHUN TÍ FÓÒNÙ GBỌ́
(Mo fi í pamọ́ sábẹ́ fìlà mi. Mo ti ní kí ẹ má rẹ́rìn-ín.)

ÈMI: Bàsí, fetí sí mi. Àwọn ẹlẹ́ṣin mi á ṣe bí ẹni ń sá. Tó bá lé wọn, ìwọ á kọjá afárá.

BASHIRU: Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ rò pé ó máa lé wọn?

ÈMI: Á lé wọn. Olójúkòkòrò ni.

TESLIM: Èmi ńkọ́?

ÈMI: Dúró síbi tó o wà. Má ṣe nǹkan kan.

TESLIM: Gbogbo ìgbà ni mo máa ń dúró.

TAMUNOTONYE: Una don finish una meeting?

ÈMI: Small time.

TAMUNOTONYE: Take am easy. Horse wey no dey chop, e fit wait.

(Ìró téèpù. Ìró dáìsì.)

Kò lé wọn. Ó kó àwọn ọlọ́kọ̀ rẹ̀ wá dí ẹnu afárá, ó sì fọwọ́ lérán.


8.

Ogun Afárá la pè é. Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ la ti ń jà á. Ẹni tó bá gba afárá ló ni tábìlì. Gbogbo ìgbà tí a bá gbìmọ̀ nǹkan tó dá wa lójú, ọkùnrin yẹn á ti dé ibẹ̀ ṣáájú wa.

Nígbà àkọ́kọ́, mo ní orí ló ní. Nígbà kejì, mo ní tíṣà ìtàn ni, ó ti kà nípa ogun. Nígbà kẹta, mo yí fìlà mi padà, bóyá orí tèmi náà á ṣiṣẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú Bashiru.


9. KÍ LÓ DÉ TÓ FI JẸ́ BASHIRU

Ó ń bá Tamunotonye ṣe kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná. Kọ́bọ́ọ̀dù wo ni kì í parí? Ó ní òjò ló wú igi. Òjò!

Tí àwọn méjèèjì bá dúró lẹ́nu géètì, wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín. Tí mo bá yọ sí wọn, wọ́n á ní "Engineer!" bí ẹni tó rí ọlọ́pàá.

Tí a bá pàdánù, kì í bínú. Ta ni kì í bínú tó bá pàdánù? Ẹni tí kò pàdánù.


10.

Tó bá jẹ́ òun, màá lé e kúrò nídìí tábìlì. Mo ti pinnu.

Mo sì tún mọ̀ pé tí mo bá lé e, mi ò mọ ẹlòmíràn ní Port Harcourt yìí tí màá pè tí nǹkan bá dé bá mi lójijì. Nígbà tí ìyá mi kú, Bashiru ló kọ́kọ́ dé, ayùn rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò bi mí ní ìwọ̀n. Ó ní òun ti mọ bí Màmá ṣe ga.

Àyà mi ń já. Ẹ wò ó, mo ti kọ ọ́ sílẹ̀: àyà mi ń já.


11. PÀKÚTÉ

Bashiru àti Teslim kì í lọ kírun pọ̀ ní Sátidé. Ẹnì kan á lọ, ẹnì kejì á máa ṣọ́ ọmọ ogun. Àárín ìyẹn ni mo dẹ pàkúté sí.

Nígbà tí Teslim lọ kírun Àlàásárì ní bàráńdà, mo sọ fún Bashiru nìkan pé inú igbó apá òsì ni màá gbà. Irọ́ ni.

Nígbà tí Bashiru lọ tirẹ̀, mo sọ fún Teslim nìkan pé màá fi afárá sílẹ̀, ibi tí odò ò ti jìn ni màá gbà. Irọ́ ni.

Ẹni tí irọ́ tirẹ̀ bá dé etí ọ̀tá, òun ni ọ̀dàlẹ̀. Èyí kì í ṣe ohun tí ènìyàn á torí ẹ̀ lọ jókòó ní yunifásítì ní Choba.


12. BÓ ṢE LỌ

Tamunotonye kó àwọn ọlọ́fà rẹ̀ lọ sí igbó apá òsì.

Ó kó àwọn ọlọ́kọ̀ rẹ̀ lọ síbi tí odò ò ti jìn.


13.

Àwọn méjèèjì!


14.

Mo tún dán an wò kó lè dá mi lójú. Lọ́tẹ̀ yìí, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo pète rẹ̀ sínú, mo panu mọ́, mo gba ẹ̀yìn òkè yọ sí i. Tamunotonye ò mọ nǹkan kan. Mo pa ọlọ́fà rẹ̀ bí ẹni ń bó ẹ̀gúsí.

Ó wò mí títí. Ó ní, "Today you quiet o, Banjo."

Ẹ ò rí i? Tí mi ò bá sọ fún Bashiru àti Teslim, ọ̀tá ò ní mọ̀. Ẹ̀rí wo ló tún kù? Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani.


15. GÚRÚÙPÙ WHATSAPP: "ỌBA MẸ́TA"
(Tamunotonye ò sí níbẹ̀)

Adébánjọ: Mo ti mọ̀.

Teslim: Kí lẹ mọ̀ ẹ̀gbọ́n

Adébánjọ: Ẹni a ní kó kín ni lẹ́yìn, ó fẹ̀gún sọ́wọ́. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ ń ta mí fún Tamuno.

Teslim: Haba

Teslim: Na so e reach?

Teslim: Èmi tí ẹ kì í jẹ́ kí n kúrò lójú kan. Kí ni mo ní tí màá tà

Adébánjọ: Bashiru ò sọ̀rọ̀.

Adébánjọ: Ẹ rí i pé kò sọ̀rọ̀.

*Teslim ti kúrò nínú gúrúùpù*


16. OHÙN BASHIRU
(ó fi ránṣẹ́ sí èmi nìkan, ẹnì kan ń fi ayùn rẹ́ igi lẹ́yìn rẹ̀)

"Ẹ̀gbọ́n Bánjọ, ẹ káàsán o. Mo rí ohun tẹ́ ẹ kọ. Mo ní kí Mutmainah ọmọ mi bá mi kà á, bóyá ojú mi ni ò ríran dáadáa. Ó ní ojú mi kọ́. Ẹ̀gbọ́n, abeg, kí ni Tamuno fẹ́ fún mi lórí òjé? Wetin I wan use am do? Kọ́bọ́ọ̀dù yẹn, òjò ló wú igi, mo ti sọ fún yín. Ẹ lè lọ tì í wò fúnra yín. Nígbà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ yín, èmi nìkan lẹ sọ fún. Mi ò sọ fún ìyàwó mi pàápàá. Èmi lẹ wá ń pè ní… (Ayùn náà dákẹ́.) Ó dáa. No wahala. Màá wá lọ́jọ́ Sátidé. Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ ṣe."


17. SÁTIDÉ

Ó dé. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bó ṣe máa ń ṣe. Ó kí Bùkọ́lá. Ó kí Tamunotonye. Kò kí mi.

Balógun rẹ̀ wà lẹ́nu afárá. Òjé àwọ̀n ló fi dà á, ó kun ojú rẹ̀ ní dúdú, ó sì fi ẹnu abẹ́rẹ́ fa gọ̀ǹbọ́ sí i lẹ́rẹ̀kẹ́ méjèèjì. Kò sí ẹlẹ́wù irin míì lágbàáyé tó kọ gọ̀ǹbọ́. Bashiru fi ìka kan tì í. Ó ṣubú, ó dùbúlẹ̀.

Bashiru wọ bàtà rẹ̀.

TAMUNOTONYE: Bashiru, wetin happen?

BASHIRU: Ask Engineer.

Géètì dún.


18. ÀTẸ̀JÍṢẸ́ LÁTỌ̀DỌ̀ MUTMAINAH

Good afternoon Daddy Motolani. Ẹ jọ̀ọ́ sir, wetin happen between you and my daddy? Every Saturday now e go just siddon for shop dey melt lead. E no dey mould anything. E go melt am, leave am make e strong, come melt am again. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá wọn sọ̀rọ̀. Dem no gree tell me.


19.

Mo kà á tán, mo yí fóònù dojú dé. Kí ni mo fẹ́ sọ fún ọmọdé? Pé bàbá rẹ̀ ń ta ogun?


20.

Èéfín dúdú tó máa ń rọ̀ sórí ìlú yìí kì í yọ tábìlì sílẹ̀. Bùkọ́lá ń nu fèrèsé láàárọ̀, ó ń nu ún nírọ̀lẹ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, èéfín náà ti bo balógun Bashiru níbi tó dùbúlẹ̀ sí. A ò rí gọ̀ǹbọ́ rẹ̀ mọ́.

Mi ò lè nù ún. Òfin ni. Èmi ni mo kọ ọ́.


21. BÙKỌ́LÁ, NÍLÉ ÌDÁNÁ

BÙKỌ́LÁ: Bàbá Motọ́lání, ẹ ò tíì jẹun.

ÈMI: Ebi ò pa mí.

BÙKỌ́LÁ: Ọ̀rọ̀ igbó tẹ́ ẹ sọ fún Bashiru, níbo lẹ ti sọ ọ́?

ÈMI: Nídìí tábìlì.

BÙKỌ́LÁ: Ti odò tẹ́ ẹ sọ fún Teslim ńkọ́?

ÈMI: Nídìí tábìlì náà ni.

BÙKỌ́LÁ: Ẹ̀ẹ̀kẹta tẹ́ ẹ wá borí, kí lẹ sọ?

ÈMI: Mi ò sọ nǹkan kan.

BÙKỌ́LÁ: Níbo ni Tamuno jókòó sí ní gbogbo ìgbà yẹn?

ÈMI: Níbo ni ì bá tún jókòó sí? Iwájú mi ni. Ṣùgbọ́n kò gbọ́ Yorùbá.

BÙKỌ́LÁ: Ta ló sọ fún yín?


22.

A ò bi í rí.


23. BÙKỌ́LÁ, Ó Ń BÁ Ọ̀RỌ̀ LỌ, Ó Ń WẸ ÌRẸSÌ

"Mo rò pé ẹ mọ̀ ni. Gbogbo àwa obìnrin la mọ̀. Ó máa ń rẹ́rìn-ín kí ẹ tó túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún un. Mo tiẹ̀ ní ara eré yín ni, pé ẹ̀ ń sọ ọ́ kó gbọ́, òun náà á ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Àṣé òtítọ́ ni tiyín?"


24.

Mo padà sídìí fóònù. Mo tún ogun tó gbà sílẹ̀ gbọ́.

Lẹ́yìn ibi tí mo ti ní "Olójúkòkòrò ni", ẹnì kan rẹ́rìn-ín nímú. Ẹ̀rín kékeré. Kì í ṣe Bashiru. Kì í ṣe Teslim.

Mo pa fóònù náà.


25. OHUN TÍ A TI SỌ LÓJÚ ỌKÙNRIN YÌÍ LÁTI 1999

Pé orí rẹ̀ tóbi.

Pé tó bá ń jẹun, ará òdìkejì àdúgbò á gbọ́.

Pé ọmọ Kalabari ò mọ ẹṣin, ọkọ̀ ojú omi ni kí wọ́n fún un.

Pé owó ilé ìwé Motọ́lání ò tíì pé.

Pé Teslim fẹ́ fẹ́ ìyàwó kejì, Alimat ò sì gbọ́dọ̀ gbọ́.

Pé

(Mo dúró níbí. Mo rántí nǹkan kan. Mi ò tíì fẹ́ rántí ẹ̀.)


26. ÌGBÀ TÍ A BORÍ

Kò pọ̀. Ẹ jẹ́ kí n kà wọ́n.

Ọ̀sẹ̀ tí ṣọ́ọ̀bù Teslim jóná. Teslim gbé orí lé tábìlì, ó sunkún ní Yorùbá, ó ní ká má jẹ́ kí ọ̀tá mọ̀. A borí lọ́jọ́ náà. Àwọn ọlọ́kọ̀ Tamunotonye gbàgbé láti yí ojú padà.

Ọ̀sẹ̀ tí ìyá Bashiru ṣaláìsí ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí wọ́n sin ín kí Bashiru tó rí mọ́tò. A borí. Bashiru ló gba ilé olódi.

2016, ọ̀sẹ̀ tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo rẹ ohùn sílẹ̀ nídìí tábìlì, mo sọ fún Bashiru nìkan. Kò pẹ́, àwọn ẹlẹ́ṣin Tamunotonye rìn wọnú ẹrọ̀fọ̀ bí afọ́jú. Mo gba adé rẹ̀. Mo jó yí tábìlì ká, èmi àgbà, tí mo ti fẹ́ lọ sunkún nílé ìwẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó pàtẹ́wọ́ fún mi. Ó ní, "Engineer, you try!"

Yàtọ̀ sí ọjọ́ tí mo panu mọ́, mi ò rántí ìgbà míì tí a borí.


27.

Àánú wa ló ṣe é. Ta ló bẹ̀ ẹ́?

(Mo pa á rẹ́. Mo tún un kọ.) Àánú wa ló ṣe é.


28. 2014
(Fóònù kankan ò gba èyí sílẹ̀. Orí mi ni.)

TESLIM: Alimat ní àwọn dókítà ti sọ̀rètí nù lórí ọ̀rọ̀ ìyàwó Tamuno.

(Alimat, ìyàwó Teslim, nọ́ọ̀sì ni. Ilé ìwòsàn tó ti ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n dá Ibinabo, ìyàwó Tamunotonye, dúró sí.)

BASHIRU: Inná lillahi. Ṣé ọkọ rẹ̀ ti mọ̀?

TESLIM: Wọn ò tíì sọ fún un. Wọ́n ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

ÈMI: Ẹ má jẹ́ kó rí i lójú yín. Ẹ jẹ́ kó ṣeré ẹ̀ tán lónìí.

Tamunotonye ń fi téèpù wọn ìrìn ẹlẹ́ṣin kan. Téèpù náà bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó ká wọlé padà pẹ̀lú ariwo. Ó ní, "I dey come." Ó jáde lọ dúró sídìí jẹnẹrétọ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀. A fi àyè yẹn gbìmọ̀ bí a ṣe máa yí i ká.

Ó padà wọlé. Ojú rẹ̀ tutù fún omi, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́jú.

TAMUNOTONYE: Oya. Who get turn?

Ó jà á dópin. Lẹ́yìn ìyẹn, kò wá mọ́ fún ọ̀pọ̀ Sátidé. A ní ó ń gbéra ga. Ẹ̀gbẹ́ ibùsùn Ibinabo ló jókòó sí, títí obìnrin náà fi lọ.

Nígbà tí a lọ kí i, a to lọ́wọ̀ọ̀wọ́, a ní, "Sorry o. Take heart."


29.

Ẹnu wa ló ti gbọ́ pé ìyàwó òun máa kú. Kí dókítà tó sọ ọ́. Nídìí tábìlì mi, nígbà tí mo ń rò ó pé mò ń ṣàánú rẹ̀.

Ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn niṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn ló kó ẹlẹ́ṣin rẹ̀ wọnú ẹrọ̀fọ̀ fún mi.

Ojú ń tì mí. Ó dùn mí. Mi ò sì tíì yé fura sí i.


30. (KÁ NÍ ÈMI NI ÒUN)

Sátidé àkọ́kọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ Yorùbá lójú mi. Mo fẹ́ sọ fún wọn pé mo gbọ́. Kí n tó la ẹnu, ọ̀kan nínú wọn ti ní orí mi tóbi. Tí mo bá sọ̀rọ̀ báyìí, ojú á tì wọ́n. Màá sọ ọ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó di ọdún tó ń bọ̀. Ta ló máa ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ọdún kan?

(Mo fa ìlà sí èyí láàárín. Ta ló sọ fún mi pé bẹ́ẹ̀ ló rí? Ó lè jẹ́ pé ó kàn fẹ́ràn kó máa borí.)


31. SÁTIDÉ, ÀWA MÉJÌ

(Fóònù wà lórí tábìlì, ní gbangba.)

TAMUNOTONYE: Bashiru no dey come?

ÈMI: E no dey come.

TAMUNOTONYE: Teslim nko?

ÈMI: Teslim too.

TAMUNOTONYE: So na only you remain.

(Dáìsì. Dáìsì.)

ÈMI: Tamuno. Ẹ kú àráfẹ́rakù o.

(Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò nìkan ni fóònù gbà sílẹ̀ níbí. Ó gùn.)

TAMUNOTONYE: Which one be that?

ÈMI: Na greeting.

TAMUNOTONYE: For wetin?

ÈMI: For Ibinabo.

TAMUNOTONYE: E don tey, Banjo.

ÈMI: I know.

TAMUNOTONYE: E get answer, that greeting?

ÈMI: E get.

TAMUNOTONYE: Hm.


32. OHUN TÍ FÓÒNÙ Ò LÈ RÍ

Kò bi mí ní ìdáhùn náà. Ó gbọn dáìsì lọ́wọ́, kò jù ú. Ó kó o sílẹ̀.

Ó yọ hánkáṣíìfù lápò. Ó nawọ́ sẹ́nu afárá, ó mú balógun Bashiru. Ó nu èéfín kúrò lára ẹ̀wù irin rẹ̀, ó nu ẹṣin, ó rọra fi etí aṣọ nu ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì títí gọ̀ǹbọ́ fi yọ. Ó gbé e dìde. Ó kọ ojú rẹ̀ sí mi.

Òfin wà lára ògiri lẹ́yìn rẹ̀. Mo rí i. Ó mọ̀ pé mo rí i.

"Na your turn," ló wí.


33.

Mi ò sọ̀rọ̀ òfin.


34.

Nígbà tó lọ, mo ya fọ́tò balógun náà. Mo fi ránṣẹ́ sí Bashiru. Mo kọ ọ̀pọ̀ nǹkan sábẹ́ rẹ̀. Mo kọ òwe, mo pa á rẹ́. Mo kọ pé inú ló ń bí mi lọ́jọ́ náà, mo pa á rẹ́. Ẹyin lọ̀rọ̀, tó bá balẹ̀ fífọ́ ló ń fọ́, kò sì sí àtẹ̀jíṣẹ́ tó ń kó ẹyin tó fọ́ jọ. Nígbẹ̀yìn ohun tó kù ni:

Bàsí, kì í ṣe ìwọ. Má bínú sí mi.


35.

Bashiru: Ẹ̀gbọ́n

Bashiru: Mo rí i

Bashiru: Ta ló gbé e dìde?


36.

Tí mo bá ní èmi ni, irọ́ ni, Bashiru á sì mọ̀: ó mọ̀ pé mi ò lè rú òfin tí mo kọ.

Tí mo bá ní Tamunotonye ni, Bashiru á béèrè bó ṣe jẹ́. Màá sọ bó ṣe jẹ́. Á wá rántí 2014, òun náà. Ohun tí ọkùnrin kan ti dákẹ́ lé lórí láti 1999, ṣé èmi ni kí n tú u síta kí n lè rí ọ̀rẹ́ mi gbà padà?


37.

Mi ò tíì dá a lóhùn.

Lẹ́yìn ògiri, Tamunotonye ń ti ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀. Kò pa dé. Ó tún tì í. Òótọ́ ni Bashiru sọ, igi náà wú.